Ọ̀wẹ̀ ní Oko Bálì

Ọrùn ló máa ń kọ́kọ́ yún mi. Tí oṣù keje bá ti dé ìdajì, tí atẹ́gùn gbígbẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìhà ìlà-oòrùn Calgary, kí n tó mọ̀, mo ti ń họ ẹ̀yìn ọrùn níbi tí nǹkan kan kò sí. Irungbọ̀n ọkà bálì ló fà á. Àwọn tí kò rí bálì rí lóko máa ń rò pé ó dà bí ìrẹsì lásán, ṣùgbọ́n orí bálì ní irun gígùn tó le, tó ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn, tó bá sì ti wọ ẹ̀wù èèyàn kì í fẹ́ jáde mọ́, ńṣe ni yóò máa rìn gòkè bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ṣiṣẹ́ oko níbí, mo máa ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà basement, màá gbọn ọ́n, màá fọ̀ ọ́, màá tún un fọ̀, síbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday màá máa họra nínú ṣọ́ọ̀ṣì títí ẹni tó jókòó tì mí á fi rọra sún kúrò.

Kí n tó di ará oko, iṣẹ́ tí mi ò ṣe ní ìlú yìí kò pọ̀. Mo ti parí ẹ̀kọ́ tí mo tìtorí ẹ̀ wọ bàálù wá, wọ́n ti fún mi ní work permit, mo sì ń fò káàkiri bí ẹyẹ tí wọ́n ju òkò sí. Mo ṣe warehouse, mo fi sílẹ̀. Mo ṣe daycare, àwọn ọmọ náà fẹ́ràn mi, mo fi sílẹ̀. Mo tọ́jú àwọn arúgbó, mo ta kọfí, mo to ẹrù sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Níbikíbi tí mo bá dé, kò níí pẹ́ tí ara mi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tí màá máa wo ẹnu ọ̀nà. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló ṣe mí, màá ní kò sí. Mo kàn mọ̀ pé ibi tí mo wà kọ́ ló yẹ kí n wà. Mo máa ń wo fídíò àwọn tí a jọ jáde ní yunifásítì, àwọn tó wà ní Toronto, àwọn tó wà ní Halifax, màá ní ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni ayé wà, pé Calgary ló ń dí mi lọ́wọ́. Ẹ ò rí ìránù.

Ẹ̀gbọ́n tó ni ilé tí mò ń gbé basement rẹ̀ ní Castleridge ni kò fi òótọ́ pamọ́ fún mi. Nurse ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ ní ìlú yìí, Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Tí wọ́n bá gbọ́ pé mo tún ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èèrà ló wà nídìí ẹ ni? Jókòó sójú kan kí àwọn èèyàn ibẹ̀ tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ." Màá rẹ́rìn-ín, màá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Tí mo bá wá wọlé, inú á bí mi, torí mo mọ̀ pé wọn ò parọ́ mọ́ mi.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ oko náà kò ní ìtàn. Mo rí i lórí fóònù pé àgbẹ̀ kan ń wá ẹni tí yóò ran òun lọ́wọ́ láti ìgbà ìgbìn títí di ìgbà ìkórè, oko náà kò sì jù bíi wákàtí kan lọ sí Castleridge tí èèyàn bá wa mọ́tò. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà ní Ìbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú kíláàsì la ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, torí náà mo kó ara mi sínú ògbólógbòó mọ́tò mi, mo lọ. Bàbá òyìnbó kan ló jáde sí mi, wọ́n ga, wọ́n gbẹ, fìlà orí wọn ti ṣá. Ìyàwó wọn ti kú, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ń gbé láàárín ìgboro. Bàbá kò bi mí ní ìwé ẹ̀rí kankan. Wọ́n wo bàtà mi, wọ́n bi mí bóyá mo lè rìn. Mo ní rírìn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Bálì àti òótì ni Bàbá ń gbìn, òótì yìí náà ni oats tí à ń sè bí ògì láàárọ̀. Àgbàdo àti ọkà bàbà ni èmi mọ̀, àwọn tó fẹ́ràn ooru. Nígbà tí wọ́n ní kí n ki ọwọ́ bọ ilẹ̀ wò nínú oṣù karùn-ún, òtútù ilẹ̀ náà wọ̀ mí dé eegun, mo ní ṣé inú èyí lẹ ti fẹ́ gbin nǹkan. Bàbá ní inú ẹ̀ náà ni. Wọ́n ní bálì kì í bẹ̀rù òtútù, òótì tiẹ̀ fẹ́ ibi tó tutù tó sì rin ju ibi gbígbóná lọ. Erékùṣù kan ní àríwá Scotland ni wọ́n ti bí Bàbá. Wọ́n ní níbẹ̀, òkun ló yí wọn ká, igi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí, atẹ́gùn kì í sinmi, ooru gidi kì í sì í débẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Àlìkámà kì í ṣe dáadáa lọ́dọ̀ wọn, àfi òótì tí èèyàn àti ẹṣin jọ ń jẹ, àti bálì fún búrẹ́dì àti ọtí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà wọ́n, torí ní àárín ọdún oòrùn kì í fẹ́ wọ̀ níbẹ̀, ọkà á sì sáré gbó kí òjò òkun tó dé. Tí wọ́n bá gé e tán, wọ́n á dì í ní ìtí, wọ́n á gbé àwọn ìtí náà fara ti ara wọn lóko kí atẹ́gùn lè fẹ́ wọn gbẹ.

Bàbá ló kọ́ mi bí a ṣe ń dá àwọn méjèèjì mọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ìdí ewé bálì ní ọwọ́ tín-ín-rín méjì tó fi gbá igi rẹ̀ mọ́ra, òótì kò ní ọwọ́. Tí wọ́n bá wá yọrí, ọmọdé gan-an á mọ̀ wọ́n: bálì á nà ró pẹ̀lú irungbọ̀n, òótì á so rọ̀ bíi yẹtí. Èmi náà fẹ́ kọ́ Bàbá ní nǹkan tèmi. Mo sọ fún wọn pé ọkà wọn ti fún ara wọn jù, pé ẹ jẹ́ kí á dín in kù bí a ṣe ń dín àgbàdo kù nílé. Bàbá wo ilẹ̀ tó lọ títí tó pàdé òfuurufú, wọ́n wo ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n ní ó dáa, kí n bẹ̀rẹ̀, àwọn á máa gbé tíì bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ bó ṣe dún létí ara mi.

Nǹkan tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí nìyí. Bàbá kì í ta bálì wọn fún àwọn tó ń pọn ọtí tàbí àwọn tó ń sin màlúù. Bí irúgbìn ni wọ́n ń tà á, fún àwọn àgbẹ̀ mìíràn láti gbìn. Irúgbìn gbọ́dọ̀ mọ́. Kí wọ́n tó kórè, ẹnì kan tí à ń pè ní inspector á wá rin inú oko, tó bá rí òótì igbó tó pọ̀ nínú bálì, wọ́n á kọ oko náà, gbogbo ẹ̀ á di oúnjẹ màlúù. Òótì igbó yìí, wild oats, kò sẹ́ni tó gbìn ín, ó kàn máa ń hù láàárín ọkà ni, ó sì ti pẹ́ tí oògùn koríko kò ti ràn án mọ́ lóko Bàbá. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mo dé, wọ́n kọ oko náà. Ọmọbìnrin Bàbá sì ti ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ilẹ̀ háyà kí wọ́n máa bọ̀ wá sinmi lọ́dọ̀ òun.

Bàbá pè mí jókòó lọ́jọ́ kan, wọ́n là á yé mi. Tí oko bá yege lọ́dún yìí, àwọn á tẹ̀síwájú, àwọn á sì nílò ẹni tí yóò wà níbẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn tòtútù, èmi sì ni ẹni náà. Àwọn á kọ ìwé tí mo nílò láti fi wá PR, ìwé ìgbélùú tí kì í tán bíi work permit. Tí kò bá yege, ó parí nìyẹn, ilẹ̀ di háyà. Work permit mi máa tán nígbà tí snow bá ń bẹ̀rẹ̀. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rù bà mí, kì í sì í ṣe nítorí PR nìkan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa fẹ́ nǹkan ní ìlú yìí débi tí mi ò fi wo ẹnu ọ̀nà.

Òótì igbó kò mọ̀ pé mo fẹ́ nǹkan. Nígbà tí bálì yọrí, ó ga jù ú lọ, ó ń mì lókè orí bálì káàkiri oko, bí àwọn ọmọ tó ń yọjú wo agboolé onílé. Ọwọ́ nìkan ló kù. Èmi àti Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, à ń fà á tu láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bàbá á mú apá ọ̀tún, èmi á mú apá òsì, a ò níí sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán. Inspector ń bọ̀ lọ́jọ́ Tuesday. Ní ìrọ̀lẹ́ Thursday tó ṣáájú rẹ̀, a gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, a wo ohun tí a ti ṣe, a wo ohun tó kù. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n tún un dé. Mo rí i pé wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀, inú sì bí mi sí wọn.

Mo ní màá bẹ ọ̀wẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. Bàbá àgbà mi ní ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń bẹ ọ̀wẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a bá lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ bá ti ju agbára ẹni lọ, wọ́n á kéde, ará ilé, àna, ọ̀rẹ́, gbogbo wọn á yọ pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n á ṣiṣẹ́ tán lọ́jọ́ kan, onílé á bọ́ wọn yó. Mo ṣàlàyé fún Bàbá. Wọ́n bi mí pé ta ni yóò wá. Mo ní àwọn èèyàn mi. Wọ́n ní kí ni wọ́n máa gbà. Mo ní oúnjẹ.

"Lẹ́yìn oúnjẹ ńkọ́?"

"Tí iṣẹ́ bá dé bá àwọn náà lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á pè mí, màá sì lọ. Ìyẹn náà ni."

Bàbá dìde. Wọ́n ní àwọn á lọ wá àwọn ìbọ̀wọ́ tó wà nínú abà.

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dì mọ́ fíríìjì nígbà tí mo délé sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀wẹ̀ ní Calgary? Oòrùn oko yẹn ti pa ọ́ lórí." Ṣùgbọ́n wọ́n mú fóònù, wọ́n sì fi ohùn sí orí group àwọn Yorùbá ìhà northeast: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àbúrò mi tó wà ní basement, èyí tí kì í jókòó yẹn, ó ti rí ibi tó fẹ́ jókòó sí. Ó ń bẹ ọ̀wẹ̀ ní Saturday, nínú oko. Ẹ má wọ bàtà funfun wá o. Èmi náà ń lọ, mo ti pàrọ̀ shift mi." Mo dúró ti fíríìjì náà, mi ò mọ èyí tí màá ṣe nínú kí n sunkún àti kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀wà. Mo bó ẹ̀wà. A se móínmóín, a se ìrẹsì, a kó o sí cooler.

Mi ò rò pé wọ́n máa wá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà oko láàárọ̀ Saturday, mò ń lọ, mò ń bọ̀, Bàbá ní kí n dúró kí n má gbẹ́ kòtò sílẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí eruku lójú títì, lẹ́yìn náà mọ́tò kan, lẹ́yìn náà òmíràn. Àǹtí ló ṣáájú. Bàbá kan tó ń wa taksí ní Pineridge wá, ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú oko kòkó, ó ti ká ṣòkòtò sókè kó tó bọ́ sílẹ̀. Tọkọtaya kan wá láti àdúgbò Cityscape pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ní òpọ̀, wọ́n ń ya fọ́tò, ọ̀kan nínú wọn sì wọ bàtà funfun tí Àǹtí ní kí wọ́n má wọ̀. Bàbá dúró, wọ́n ń wo gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń jáde nínú mọ́tò. Lẹ́yìn náà wọ́n ní oúnjẹ tèmi nìkan kò tó, pé àwọn náà gbọ́dọ̀ bọ́ àlejò, wọ́n bá wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú kékeré tó wà nítòsí láti lọ ra nǹkan.

Bí oko ṣe di tèmi láti pàṣẹ nìyẹn. Ẹ bá rí mi. Mo to wọn sórí ìlà kan, mo rin iwájú wọn lọ, mo rin iwájú wọn bọ̀, bí ọ̀gá ṣọ́jà. Mo fi orí bálì hàn wọ́n, mo fi òótì igbó hàn wọ́n. Mo ní, "Èyí tó ní irungbọ̀n, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó so bíi yẹtí, ẹ fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí ẹ̀ nù, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbẹ̀." Bàbá onítaksí mi orí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń ṣe nílé, kó jẹrà síbẹ̀ kó di oúnjẹ fún ọkà. Ìlà náà gbéra. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ẹ̀rín ń lọ. Ọmọ Cityscape tó kéré jù ń kígbe, "Mummy, it's itchy," ìyá ẹ̀ ń dá a lóhùn pé, "Farabalẹ̀, kò níí pa ẹ́." Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, "See as I leave Lagos come abroad come dey farm," gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, a ti rin oko náà já. Mo wo ẹ̀yìn, kò sí yẹtí kan tó ń mì lókè irungbọ̀n. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sáré.

Bàbá dé pẹ̀lú omi àti búrẹ́dì. Wọ́n rin díẹ̀ wọnú oko, wọ́n dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ yìn wá ni. Wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn òótì igbó tí a ti tẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbọn orí ẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́, irúgbìn dúdú já bọ́ síbẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ náà sí mi. Ó wá yé mi. Òótì igbó kì í dúró de àgbẹ̀, òkè orí ẹ̀ máa ń gbó ṣáájú, ó sì máa ń gbọ̀n sílẹ̀. Bí wọ́n bá fà á tu gan-an, á ṣì máa gbó lọ níbi tó sùn sí. A ti gbin òótì igbó sí gbogbo oko Bàbá. Inspector á rí i nílẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ á rí i, ọdún tó tẹ̀lé e náà á rí i. Àpò la fi ń kó o kúrò lóko. Èmi àti Bàbá, àpò la so mọ́ ìbàdí ní gbogbo ọjọ́ tí a fi ń rìn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí àwọn èèyàn mi tí wọ́n tò síwájú mi, oko bàbá àgbà mi ló wọ orí mi, mo gbàgbé àpò pátápátá.

Ojú tì mí. Ojú kò tì mí báyìí rí. Àwọn tó fi ìsinmi wọn sílẹ̀, tí ẹ̀yìn ń dùn, tí wọ́n ti ń ṣí cooler, àwọn ni mo máa sọ fún pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, apá kejì ẹ̀ ló kù. Mo sọ ọ́. Ẹni tó ń ṣí cooler tún un dé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, "Abeg, which kain wahala be this?" Àwọn ọmọkùnrin méjì kan, bàtà funfun wà nínú wọn, ní kí n má bínú, wọ́n ní shift ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lọ. Òótọ́ ni, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò wọn ṣe ń lọ, mo rò pé gbogbo ìyókù á tẹ̀lé e ni, mi ò sì níí dá wọn lẹ́bi.

Àǹtí tún gèlè wọn wé. "Ẹni tó bá ti rẹ̀ kó jókòó jẹun, kò sẹ́ni tó máa bú u. Ẹni tí kò bá tíì rẹ̀ kó máa tẹ̀ lé mi." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìwọ, má wá sunkún sí wa létí. Níbo ni àpò wà?"

A padà sínú oko náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Fífà tẹ́lẹ̀, orí ìdúró la wà. Ìkójọ yìí, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, à ń wá nǹkan láàárín ẹsẹ̀ bálì. Àwọn ọmọ Cityscape ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, torí wọ́n kúrú, wọ́n ń rí ìsàlẹ̀. Wọ́n ń bá ara wọn díje, wọ́n ń kígbe pé, "I found a whole pile," ìyá wọn kò ní kí wọ́n farabalẹ̀ mọ́. Bàbá náà kúnlẹ̀ láàárín wọn pẹ̀lú orúnkún tó ti ń dùn wọ́n tẹ́lẹ̀. A jẹun lórí ìdúró. Oòrùn kò lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí níbí lóṣù keje, o ti rò pé ilẹ̀ ti ṣú, o wo aago, aago mẹ́sàn-án, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Mo ti máa ń bínú sí ìmọ́lẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ torí kì í jẹ́ kí n sùn. Lọ́jọ́ náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, ó sì dúró dè wá.

Nígbà tí a so àpò tó kẹ́yìn, Bàbá jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyí ní erékùṣù àwọn nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Tí òjò bá ń bọ̀ láti orí òkun tí ọkà ẹnì kan ṣì wà nílẹ̀, gbogbo ilé tó wà nítòsí á jáde. Wọ́n ní àwọn rò pé ó ti tán láyé. Àǹtí bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ móínmóín sí i.

Ọmọbìnrin kan ni inspector tó wá lọ́jọ́ Tuesday. Ó rin oko náà lọ́nà tó wù ú, ó ń dúró, ó ń lóṣòó, ó ń tú ìdí bálì wò. Mi ò lè jókòó. Mo fọ ọkọ̀ Bàbá, mo tún un fọ̀. Nígbà tó jáde, ó sọ fún Bàbá pé oko náà yege, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó lọ. Bàbá wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn pọ́n, wọ́n sì ní kí n lọ wo bóyá omi ń wọ inú abà. Òjò kò rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Wọ́n mú ìlérí wọn ṣẹ. Ìwé mi pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé, mo di ẹni tó ní PR, mo jó nínú basement títí Àǹtí fi fi ẹsẹ̀ kan àjà lókè. Ẹ gbọ́, kò tíì pẹ́ lẹ́yìn ijó yẹn tí ara mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo lè lọ ibi tó bá wù mí báyìí. Ọ̀rẹ́ mi ní Halifax ní iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún mi, òkun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Snow bo oko, kò sí nǹkan tí mò ń ṣe ju kí n máa wo ojú fèrèsé. Mo pinnu pé lọ́jọ́ Saturday kan màá sọ fún Bàbá pé mò ń lọ. Mo ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara mi lójú ọ̀nà, láti Castleridge dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Bàbá wà ní ilé ìdáná, ẹsẹ̀ kan lórí àpótí, ọ̀pá ìtìlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ti ṣubú lórí yìnyín. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ní ó dáa tí mo wá, pé nǹkan kan ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n ní láti ọjọ́ ọ̀wẹ̀ yẹn ni àwọn ti gba nọ́ńbà gbogbo wa lọ́wọ́ Àǹtí, àwọn sì sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé tí iṣẹ́ bá dé, kó pe àwọn. Mo mọ̀ pé wọ́n wa snow kúrò lẹ́nu ọ̀nà Àǹtí lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé ìyẹn náà ni. Mi ò mọ̀ pé Bàbá ni wọ́n bá ará Cityscape gbé ibùsùn gun òkè. Mi ò mọ̀ pé Bàbá ni wọ́n lọ fa mọ́tò bàbá onítaksí lójú títì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kú. Wọ́n kọ́ ọmọ kan ní ìwakọ̀ lórí snow, wọ́n tún páìpù tó bẹ́ ṣe ní Pineridge. Bàbá Bálì làwọn èèyàn ń pè wọ́n, èmi tí mo mú wọn mọra wọn ni mi ò gbọ́.

"Ó ku àwọn ọmọ méjì," Bàbá ní. "Àwọn tó ní shift. Wọn ò pè mí rí. Ó lè jẹ́ pé ojú ń tì wọ́n torí wọn ò dúró dé òpin. Ṣùgbọ́n wọ́n wá. Ẹsẹ̀ yìí kò níí gbé mi dé ibi kankan mọ́. Tí wọ́n bá pè, ṣé wàá lọ fún mi?"

Mo ní màá lọ. Mo po tíì fún wọn, mo wa snow kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo padà sílé. Ọ̀rọ̀ tí mo tún sọ lójú ọ̀nà yẹn, n kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, n kò sì sọ ọ́ títí Bàbá fi kú.

Ọmọbìnrin wọn ló fi ilẹ̀ náà háyà fún mi. Mo ń gbin bálì, mo ń gbin òótì, àwọn èèyàn mi sì ń wá lọ́dọọdún, pẹ̀lú àpò. Kí ẹ má rò pé mo ti farabalẹ̀. Nínú oṣù kẹta, tí snow bá kọ̀ tí kò lọ, mo ṣì máa ń wo iye owó bàálù lórí fóònù, Àǹtí ṣì máa ń bi mí léèrè èèrà. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún àwọn ọmọ méjèèjì náà pé nọ́ńbà mi ni kí wọ́n máa pè, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n pè kí n má sí nílé.

Ọ̀kan nínú wọn pè lọ́dún tó kọjá, ẹni tó wọ bàtà funfun. Ó ti gbéyàwó, ìyàwó ẹ̀ ń rọbí, kò sí ìyá, kò sí àna, kò sí ẹ̀gbọ́n kankan ní gbogbo Canada tí wọ́n lè pè. Ó ní kí n má bínú, òun mọ̀ pé ó ti pẹ́, òun kò mọ ẹni tí òun tún lè pè. Orí tractor ni mo wà. Mo dé ọsibítù pẹ̀lú eruku oko lára, mo jókòó ti ìyàwó ẹ̀, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú títí ọmọ fi dé. Ọkọ ń dúpẹ́ ṣáá, ó ń bi mí pé kí lòun ṣe tí mo fi sáré wá bẹ́ẹ̀. Mo ní Bàbá Bálì ló rán mi.

Ìkejì kò tíì pè. Mò ń retí ẹ̀.